Ọkọ́ Tí Ìyá Mi Kò Fọwọ́ Kàn

Wọ́n ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ́, lèmọ́mù sọ ọ́, olórí àdúgbò wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká nígbà kejì bí ẹni tí ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Mi ò gbàgbé. Ìyá mi ti kú, ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Òun ni wọ́n ṣẹ̀, kò sì sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá a wọ inú ilẹ̀. Fisíìkì àti kẹ́místrì ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Tchatchou. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kí ènìyàn máa to nǹkan bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó má fo ọ̀kan. N ò ní fo ọ̀kan.

Mo ń rọ ọkọ́ lẹ́yìn ilé wa ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin níbí. Kì í ṣe iṣẹ́ mi, wọn ò sì bí mi sílé alágbẹ̀dẹ. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí ọ̀sán Sátidé bá ti tó, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá lọ wo bọ́ọ̀lù, èmi a wọ ṣòkòtò tó ti gbó, n ó da èédú sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, n ó máa yí afẹ́fẹ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo fi rímù kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Ègé irin rélùwéè kan tí kò gùn tó apá mi ni mo fi ṣe owú, tí mo ń lu irin lé lórí. Àwọn mẹkáníìkì a máa fún mi ní lámù, irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ kámíọ̀n akẹ́rù, èyí tó bá ti kán. Bí irin náà bá ti wà nínú iná títí tó fi pọ́n bí kajú tó gbó, mo mọ iye ooru tí ìwé sọ pé àwọ̀ yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ìwé kì í wá sí mi lọ́kàn lákòókò náà. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni ọmọ-owú tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ọwọ́ mi, ara mi a sì balẹ̀.

Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà kò kí mi bí wọ́n ṣe ń kí alágbẹ̀dẹ rí. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń kí ní "Àróyè o". Èmi, wọ́n a ní, "Prof, ẹ kú eré o." Mo ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré kọ́ ni mo ń ṣe. Ìyá mi ni mo ń wá ọkọ́ fún.

Nígbà tí bàbá mi kú, ó fi ilẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún un lódìkejì ojú irin. Ẹ̀pà, ata, ilá, ìyẹn ni obìnrin ń gbìn lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin ló ń kọ ebè iṣu. Ìyá mi gbé ọkọ́ bàbá mi lé èjìká ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tó jáde opó, ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ ebè òun. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá Mẹ́tìrì, ìyẹn èmi olùkọ́, ti di ọkùnrin, kí wọ́n wá ìyàwó fún un. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, a ní kí wọ́n mú èyí tí kò ní sùn dọ́sàn-án wá. Ebè rẹ̀ kéré, kò ga bí ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó gún régé. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ó máa ń sọ pé ebè tí òun bá fi ọwọ́ ara òun kọ nìkan ni òun ń mọ adùn iṣu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí wú. Dókítà tí mo mú un lọ bá ní Parakou fún un lóògùn, ó ní kí ó máa sinmi. Ọkọ́ bàbá mi wúwo, èèkù rẹ̀ nípọn, ọwọ́ ìyá mi kò lè ká a mọ́. Mo ní kí a háyà àwọn tí yóò bá a kọ ebè náà. Ó wò mí.

"Mẹ́tìrì," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́, "bí mi ò bá lè kọ ebè mọ́, kí ni n ó máa jí fún?"

Mo lọ dáná sí èédú.

Mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò dára. Òmíràn nípọn jù, òmíràn ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀, òmíràn ìrù rẹ̀ sán níbi tó ti wọ inú èèkù. Mi ò dà wọ́n nù. Mo ki èèkù bọ̀ wọ́n, mo kan ìṣó mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé, mo fi wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ ní ẹsẹ kan. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè mú wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́.

Ibí ni ẹ̀bi tèmi wà, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kí n tó sọ ti ẹlòmíràn. Ní ìlú wa, àgbẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ oko rẹ̀ gbẹ́ sàréè. Bí ó bá di dandan, wọn ó fọ̀ ọ́, wọn ó tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀ fún ọjọ́ méje, kí ó tó padà sóko tó ti wá. Ṣùgbọ́n ọkọ́ tuntun tí kò tíì mọ oko kankan, bí ilẹ̀ sàréè bá ni ilẹ̀ tó kọ́kọ́ jẹ, kò ní ibi tí yóò padà sí. Ti sàréè ni títí ayé. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn lóko, èmi wà nílé-ẹ̀kọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, kú nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀ le bí òkúta. Àwọn tí yóò gbẹ́ sàréè lọ láti ilé dé ilé láti yá ọkọ́, ilé gbogbo ní ọkọ́ wà lóko. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ẹnìkan ti nílò ọkọ́ mi nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Mo já mẹ́rin wá láti ara ògiri, mo tún pọ́n wọn lẹ́nu kí n tó kó wọn fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀san mi wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá kú, ògiri ẹ̀yìn ilé mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọkọ́ náà ni wọ́n fi gbẹ́ ti ìyá mi nígbà tí àkókò rẹ̀ tó, àwọn ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ìkọkànlá ló wá dára. Mo ti fi òwú wọn àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi. Mo lu ẹnu ọkọ́ náà títí tó fi fúyẹ́, tó sì fẹ̀. Mo gé èèkù rẹ̀ kúrú, igi òrí ni, mo sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e yíká kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gbà á, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an. Ó ní ṣé irin ló wà nínú rẹ̀ ni àbí páálí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ kọ́ sára ògiri fúnra rẹ̀, ní ìparí ẹsẹ náà, ó ní òjò àkọ́kọ́ ni àwọn jọ ń retí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan kú ládùúgbò. Mo wà ní Tchatchou, mo ń kọ́ni. Ìyá mi wà ní ilé ọ̀fọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú. Kò sí ẹnì kankan nílé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jù mí lọ, tó sì jẹ́ aṣáájú àwọn agbẹ́lẹ̀, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sẹ́yìn ilé wa. Wọn kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n, ọkọ́ mọ́kànlá ni wọ́n kó. Rọ́bà wà lára èèkù ọ̀kan, ojú sì tó o láti òkèèrè pé kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ó tún mọ ẹni tó ni ín. Ó ti bá wa lálejò ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ó rí i lọ́wọ́ ìyá mi, ó ní, "Ìyàwó àfẹ́sọ́nà yín rèé, Màmá?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n, ó mú un.

Àwọn obìnrin kì í lọ sídìí sàréè lọ́dọ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀ ni ìyá mi dúró sí nígbà tí àwọn ọkùnrin ń padà bọ̀, ọkọ́ lé wọn léjìká. Ó rí tirẹ̀ láàrin wọn, yẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo gun mọ́tò dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fọ gbogbo wọn, wọ́n ti tò wọ́n sídìí ògiri, omi ṣì ń kán lára wọn. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí wọn. Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

"Wọ́n ti gbé e lọ," ó ní.

Mo ní n ó fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́. Mo ní n ó tún kì í bọ iná, kí ó pọ́n, iná kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lára irin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un bí ìwé ṣe sọ ọ́. Ó gbọ́ mi tán.

"Iná lè yọ́ irin, Mẹ́tìrì. Kò lè yọ ibi tó ti dé."

Kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn ilé, ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò gbà.

Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn mẹ́rin jókòó tì í, wọ́n ń mu tíì. Mo rọra sọ ọ́, mo ní wọ́n mú èyí tí kò yẹ kí wọ́n mú. Ó ní ọkọ́ ni ọkọ́. Ó ní àbí kí òkú dúró de Prof kí ó ti Tchatchou dé ni. Àwọn tó bá a jókòó rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi kò ní lè kọ ebè lọ́dún yìí.

"Kí ó sinmi nígbà náà," ó ní. "Obìnrin tó ti dàgbà tó yẹn, kí ló fẹ́ fi ebè ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò tíì fi jì í. Ti ọkọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí n fi jì í lọ́jọ́ kan.

Mo kọ lẹ́tà sí olórí àdúgbò, ojú ewé kan ààbọ̀ ní Faransé, mo to ẹ̀sùn náà ní ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ó fi ìka tẹ̀lé e títí dé ìparí, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ àwo ife tíì rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun dá ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí pé ó sin òkú. Mo lọ sọ́dọ̀ lèmọ́mù. Ìyẹn gbọ́ mi dáadáa, ó ní kò sí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn, irin kì í gba ikú sára, kí ìyá mi mú ọkọ́ rẹ̀ kí ó máa lọ sóko. Mo sáré gbé ọ̀rọ̀ náà wálé bí ẹni tó gbé oògùn bọ̀. Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Lèmọ́mù kì í kọ ebè," ó ní.

Mo rọ òmíràn. Ìwọ̀n kan náà, igi kan náà, rọ́bà kan náà. Sátidé mẹ́ta ló gbà mí. Mo gbé e fún un. Kò gbà á, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rọ ọ́. Mo ní lábẹ́ máńgòrò, níbi tí mo ti ń rọ wọ́n. Ó mi orí. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo àwọn yẹn ti jáde, iná kan náà ló bí wọn. Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó tún ní kí n má bínú sí òun, òun mọ̀ pé ó rẹ̀ mí.

Òjò dé. Àwọn ọkùnrin kọ ebè wọn lọ́tùn-ún lósì oko rẹ̀, ti ìyá mi sì hu koríko. Òun a máa sọdá ojú irin ní òwúrọ̀, a jókòó sórí kùkùté igi kan ní ààlà, a sì tún padà wálé kí oòrùn tó mú. Ní ọjọ́ kan mo bèèrè bóyá ọrùn-ọwọ́ ṣì ń dùn ún. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wò ó. Ó ní kò dùn òun mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Ní àkókò náà ni mo pinnu pé mo ti mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Alágbẹ̀dẹ àgbà kan wà ní Goro, ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí, òun náà ló sì fi bí a ṣe ń di ẹ̀mú mú hàn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó títí, mo rí i pé òun nìkan ló lè jèrè bí àwọn ènìyàn bá ń sá fún ọkọ́ mi. Òun ló ń tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀. Mo gun mọ́tò lọ, mo sì ń tún ohun tí n ó sọ sọ lójú ọ̀nà.

Ó wà nídìí ẹwìrì rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán láti orí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn dé orí lẹ́tà, dé orí òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ohun tí mo sọ nígbà tí mo fi ọkọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún àwọn agbẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

"Ṣé o kọ́kọ́ fi wọ́n ro ilẹ̀ oko kankan? Kódà kí o fi ha ilẹ̀ ìdí máńgòrò yẹn lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní rárá.

"Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọkọ́ kúrò níbí láìjẹ́ pé ó ti fi í ha ilẹ̀ oko tiwa," ó ní. "Àbúrò, kò sí ẹni tó tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀. Ìwọ lo fi iná rẹ fún òkú."

Mo jókòó sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ òótọ́ fún mi láìrẹ́rìn-ín. Mo bi í, mo ní, Tonton, bí a ṣe ń pe àgbà, kí ni kí n ṣe? Ó ní kí n lọ mú irin mi wá, kí n mú òwú tí mo fi wọn ọwọ́ rẹ̀ wá.

Mo padà lọ ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Òun ló ń fẹ́ ẹwìrì, èmi ni mo ń lù. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ-owú, nítorí òun kò mọ ọwọ́ obìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọ mí lẹ́nu, nígbà tí mo fẹ́ tètè kì í bọ omi. Ó ní, "Prof, irin kì í ka aago." Nígbà tó parí, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e padà, ó sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ìlà kéékèèké mẹ́ta sí ìrù rẹ̀. Àmì ilé wọn nìyẹn. Ìyá mi mọ̀ ọ́n, nítorí ó wà lára ọkọ́ bàbá rẹ̀. Kò sí ẹnì kan ní agbègbè wa tó dàgbà tó o tí kò mọ̀ ọ́n.

"Bó bá bi ọ́, sọ pé ilé mi ló ti wá," ó ní. "Irọ́ kọ́."

Irọ́ kọ́ lóòótọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti gbogbo ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń yẹ nǹkan wò, mi ò rí irọ́ níbẹ̀. Iná rẹ̀ ni, ilẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ, ilé rẹ̀ ló ti jáde. Mo gbé e fún ìyá mi, mo ní alágbẹ̀dẹ Goro ló ní kí n gbé e wá. Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò pa àwọn ìlà mẹ́ta náà. Ó sì dì í mú.

Òjò ti ń lọ sópin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀lé e sọdá ojú irin. Ó ṣán koríko ibì kan, ó bẹ̀rẹ̀. Ebè kìíní, ó dúró, ó mí. Ebè kejì. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó gbé orí sókè, òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Ẹni yìí mọ ọwọ́ mi," ó ní. "Bí ẹni pé ó ti di ọwọ́ mi mú rí." Ó tún hán ọkọ́ náà lọ́wọ́. "O rí i, Mẹ́tìrì? Iṣẹ́ nìyẹn. Máa lọ jókòó tì í kí o kọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Mo lọ bá a ṣa koríko.

Ọgọ́ta ebè ó lé mẹ́rin ló kọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàrin. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo lù ú. Mo wá mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ó lè gbé ọkọ́ náà sílẹ̀. Ó sì lè má gbé e sílẹ̀. Mi ò lè fi ìyẹn dánwò. Àwọn tó ń sọ pé kí n gbàgbé kò mọ èyí. Wọ́n rò pé nítorí ọkọ́ kan ni mo ṣe ń bínú. Wọ́n gba ọ̀nà tí mo lè fi jẹ́ ọmọ fún ìyá mi mọ́ mi lọ́wọ́, ó wá di dandan kí n máa gba orúkọ ẹlòmíràn kọjá kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí iṣu gbó, ó wa mẹ́ta tó tóbi jù, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ wọn nù, ó dì wọ́n sínú àpò. Ó ní kí n gbé wọn lọ fún alágbẹ̀dẹ Goro kí òun tó fẹnu kan èyíkéyìí. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Alágbẹ̀dẹ náà tú àpò, ó wo iṣu, ó wò mí. Ó ní kí n gbé wọn padà, kì í ṣe òun ló ni wọ́n. Mo ní bí mo bá gbé wọn padà, kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ronú. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó se ọ̀kan. A jọ gún un, a jọ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tó fọ ọwọ́ rẹ̀ ló bi mí léèrè ohun tí ìyá mi sọ nípa ọkọ́ náà. Mo ní ó ní ẹ mọ ọwọ́ òun.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Sọ fún un pé ọwọ́ tó tọ́ mi ni," ó ní. "Báwo ni n ò ṣe ní mọ̀ ọ́n?" Ó gbójú sókè. "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn."

Mo dé Tchaourou nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. Ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Ó bi mí bóyá ó gbà wọ́n. Mo ní ó gbà wọ́n, ó jẹ nínú rẹ̀ lójú mi. Ó bi mí bóyá ó rán mi sí òun. Mo ní ó rán mi. Ọwọ́ tó tọ́ mi ni, báwo ni n ò ṣe ní mọ̀ ọ́n.

Ẹnu yà á. Ó ní alágbẹ̀dẹ náà dàgbà ju òun lọ, báwo ni òun ṣe tọ́ ọ? Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn alágbẹ̀dẹ mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Ó fi ọwọ́ kan ra ìkejì, níbi ọrùn-ọwọ́. Ó ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.